Ẹnu mi ń dúpẹ́, inú mi ń bínú: ìdáhùn mi sí ọmọbìnrin kan ní Òṣogbo

Lẹ́tà tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí, mo ti gé e kúrú, mo sì ti yọ gbogbo orúkọ kúrò níbẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o Màmá. Ẹni ọdún 37 ni mí, Òṣogbo là ń gbé. Láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni nǹkan ti dojú rú fún wa. Rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà torí èmi ni àkọ́bí. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n dá ọkọ mi dúró níbi iṣẹ́. Ọmọ wa kejì, ọmọ ọdún 9, SS ni (àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell), ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a dúró sí ọsibítù lọ́dún yìí. Àwọn àbúrò mi méjì wà ní London, fóìsì nóòtì àdúrà ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní kí n máa dúpẹ́, pé àìdúpẹ́ mi ló ń dènà iṣẹ́ ìyanu. Mo ń dúpẹ́ o Mà, àmọ́ inú ń bí mi sí Ọlọ́run, mi ò tiẹ̀ lè gbàdúrà mọ́, ìgbà míì ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n sùn kí n má jí. Wòlíì kan tún wá sọ pé ìyá ọkọ mi ló wà nídìí ẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ṣé ìgbàgbọ́ mi ti kú ni?"

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà ẹ kí n tó dáhùn torí mi ò fẹ́ kánjú. Jẹ́ kí n ti ibi tó o parí sí bẹ̀rẹ̀: rárá o, ìgbàgbọ́ ẹ ò kú. Ẹni tí ìgbàgbọ́ ẹ̀ bá ti kú, ta ló tún fẹ́ bínú sí? Ọmọ tó ń bínú sí bàbá ẹ̀ mọ̀ pé bàbá wà nílé, ó mọ̀ pé bàbá ń gbọ́, ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ọdún 31 ṣe, wọ́ọ̀dù àgbàlagbà ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo wá ń jókòó ti àwọn ìdílé tí nǹkan le fún, gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àmọ́ kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́ èyí tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, ilé mi ni.

Ọdún 2009 ni rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e, ó tún já bọ́, mo ní "Dádì, ẹ ò sùn dáadáa lánàá", mo gbé báàgì mi mo lọ síṣẹ́. Èmi tí mo ti kọ́ àìmọye nọ́ọ̀sì kéékèèké pé tí apá bá dédé rọ, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó lè dárí ìyẹn ji ara mi. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ wá jẹ wọ́n lówó, kò san án, àwọn ọmọ wà nílé ìwé, owó oògùn ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Sọ́ńdè kẹrin, wọ́n pè mí síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí n wá dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bọ́. Wọn ò ní in lọ́kàn láti ṣe mí níbi o, ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo gba gbohùngbohùn, mo la ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde, mo kàn dúró síbẹ̀ tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, gbogbo ìjọ ti ń pariwo Halelúyà láti fi ràn mí lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan ló dìde láti ẹ̀yìn, wọ́n ti lé ní ẹni 80 ọdún dáadáa, wọ́n rọra rìn wá, wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sórí bẹ́ǹṣì tiwọn lẹ́yìn, wọ́n ní "Sunkún ẹ tán ná, Ọlọ́run ò kánjú." Ìborùn tó wà léjìká wọn ni mo fi nu ojú títí ìsìn fi parí.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹkún àti ìríran, ojú kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń ní kó o ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ńṣe ni wọ́n ní kó o di ojú kí ẹkún má bàa jáde, tí o bá sì di ojú báyìí, báwo lo ṣe máa rí ohun tó o fẹ́ dúpẹ́ fún?

Tó bá di alẹ́ òní, ṣí Sáàmù 88. Àyàfi ẹsẹ àkọ́kọ́ níbi tó ti pe Ọlọ́run ní Ọlọ́run ìgbàlà òun, ìráhùn ni gbogbo ẹ̀, òkùnkùn ló sì fi parí, kò sí ọpẹ́ kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀. Inú ìwé mímọ́ ló wà, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ dànù. Wá ka Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré, òun fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ pé títí dìgbà wo ni Olúwa máa gbàgbé òun, ó wá fi orin parí. Ọmọ mi, Ọlọ́run gba méjèèjì, ti ẹni tó rí orin kọ lẹ́yìn ẹkún àti ti ẹni tí kò tíì rí i. Ìwọ wà ní Sáàmù 88 báyìí, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ẹ́ jáde níbẹ̀ tipátipá. Jóòbù náà ńkọ́, tó sọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run tí etí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò lè gbà á? Ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bíi ti Jóòbù.

Wọ́n á mú 1 Tẹsalóníkà 5:18 bá ẹ, pé ká máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo. Ó dáa, ká kà á: "nínú" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "fún". Ẹlòmíì á ní Éfésù 5:20 tó ní "fún" ohun gbogbo ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ Pọ́ọ̀lù kan náà, nígbà tí Ẹpafíródítù ṣàìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ó kọ ọ́ sí àwọn ará Fílípì pé Ọlọ́run ṣàánú òun kí òun má bàa ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́. Ẹni tó kọ́ wa ní ọpẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní inú òun ì bá dùn tí ọ̀rẹ́ òun bá kú.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ẹ wá kù, ó sì ká mi lára jù. Tí ìyá bá jẹ́ AS tí bàbá náà jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yẹn máa jẹ́ SS. Ọ̀dọ̀ ìwọ àti ọkọ ẹ ni ọmọ ti gbà á, ọ̀kan láti apá ọ̀tún, ọ̀kan láti apá òsì. Kò sí ohun tí ìyá àgbà kan máa ṣe lóru tó máa sọ AA di SS. Tí wòlíì bá ní ìyá ọkọ ẹ ló fà á, ọ̀dọ̀ ìdílé tìẹ náà ni ìdajì ti wá, ta ló wá fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù náà béèrè irú ẹ̀ nínú Jòhánù 9, ta ló ṣẹ̀, afọ́jú yìí ni àbí àwọn òbí ẹ̀? Ó ní kò sí èyí tó ṣẹ̀ nínú wọn. Má ná kọ́bọ̀ owó oògùn sórí ọ̀rọ̀ wòlíì yẹn, má sì jẹ̀ẹ́ kó ya ẹ nípa pẹ̀lú obìnrin tó lè bá ẹ gbé ọmọ pọ̀n lọ́la.

Mo tiẹ̀ fẹ́ kó o lọ jókòó tì wọ́n. Sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ ìtàn Ànábì Yàákúbù fún ẹ bó ṣe wà nínú Súrà Yúsúfù, bó ṣe sunkún ọmọ ẹ̀ títí ojú ẹ̀ fi funfun, tí àwọn ọmọ yòókù ń sọ pé kó gbàgbé, tó ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun lòun ń gbé ìbànújẹ́ òun lọ. Ànábì ni, tí wọ́n ń fi sùúrù ẹ̀ kọ́ ọmọdé títí dòní, ó sì sunkún. Ilé Yorùbá ni ilé wa, Bíbélì wà nínú yàrá kan, Kùránì wà nínú èkejì, ẹkún tó wà nínú méjèèjì ò yàtọ̀.

Wàyí o, ọpẹ́. Mi ò ní kó o má dúpẹ́ o. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, inú rírò ló ṣáájú. Jẹ́ kí n sọ ọjọ́ tí èmi dúpẹ́ fún ẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, rọ́bà tí wọ́n ti bọ imú ọkọ mi la fi ń fún wọn lóúnjẹ. Ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́, mo gbé wọn jókòó, mo fi pílò méjì ti ẹ̀yìn wọn, mo po ẹ̀kọ, mi ò jẹ́ kó ṣàn, torí nǹkan tó ṣàn ló máa ń yára bá ọ̀nà èémí lọ. Ṣíbí tíì ni mo fi bu díẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rọpárọsẹ̀ rí máa mọ̀ pé ọ̀fun lèèyàn máa ń tẹjú mọ́ nígbà yẹn. Gògóńgò wọn gòkè, ó dúró díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò wúkọ́. Mo bu ìkejì. Wọn ò wúkọ́. Mo bu ìkẹta, díẹ̀ ṣàn jáde níbi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó wọ́, mo fi àtàǹpàkò nù ún, wọ́n wò mí, wọ́n gbé èyí tó kù mì. Mo bú sẹ́kún, mo ní "Ọlọ́run, o ṣeun." Látìgbà tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu mi àti inú mi sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Owó wọn ò tíì jáde, apá ọ̀tún ò gbé, mi ò dúpẹ́ fún ìyẹn, mi ò sì parọ́ fún Ọlọ́run lórí ẹ̀. Ẹ̀kọ ṣíbí mẹ́ta ni mo dúpẹ́ fún.

Wọ́n kú ní 2013. Mò ń sọ èyí kó o má bàa rò pé mò ń tà ẹ́ ní nǹkan, ọpẹ́ kì í ṣe owó tí a san sílẹ̀ de ìwòsàn. Àmọ́ ọdún mẹ́rin tá a fi jọ wà lẹ́yìn ẹ̀kọ yẹn, mo rí i, mo wà níbẹ̀, mi ò fi ìbínú sọ ọ́ nù tán.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kó o máa ṣe ò le. Kó o tó sùn, kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn ẹ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí gan-an, láìṣe ẹ̀ṣọ́, tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré. Lẹ́yìn náà wá nǹkan kan, ọ̀kan ṣoṣo, tó ṣẹlẹ̀ lónìí gan-an tó o lè fọwọ́ kàn. "O ṣeun fún ẹ̀mí" ti tóbi jù, o ti sọ ọ́ títí kò ní adùn mọ́. Sọ pé ọmọ jẹ àmàlà tán láàárọ̀, sọ pé ìyá aládùúgbò fi omi sínú dúrọ́ọ̀mù wa nígbà tí a wà ní ọsibítù. Ọjọ́ tó ò bá rí nǹkan kan, sọ pé o ò rí nǹkan kan, kó o sùn. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà méjì, Emmons àti McCullough, gbé ìwádìí jáde ní 2003, wọ́n ní kí àwọn kan máa kọ nǹkan tó tó márùn-ún tí wọ́n mọrírì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí àwọn míì máa kọ ohun tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọkàn àwọn tó ń kọ ọpẹ́ fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì tún ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ní àìsàn iṣan ara fún ọjọ́ 21, àwọn náà sọ pé àwọn ń sùn dáadáa sí i. Tó o bá fẹ́ máa kọ tìẹ náà sílẹ̀, ìwé kékeré kan tó.

Kó o sì máa dá ọpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn náà. Ọkọ ẹ, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó ṣeé ṣe kó má lè wo ojú bàbá ẹ, ṣé òun ló máa ń bá ẹ yí wọn padà lóru? Tó bá jẹ́ òun ni, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ketekete, kí àwọn ọmọ gbọ́. Tí kò bá tíì máa ṣe é, gbé e fún un, ẹni tó ń dùbúlẹ̀ ní láti yí padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa dé, kò sì yẹ kí obìnrin kan dá ṣe ìyẹn ní gbogbo òru.

Àwọn àbúrò ẹ tó wà ní London, mi ò fẹ́ kó o bá wọn jà. O ò mọ bí nǹkan ṣe rí fún wọn, àìmọye ọmọ wa ló wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń wẹ bàbá oníbàbá, wọ́n ń bọ́ ọ, tí bàbá tiwọn wà lórí ìdùbúlẹ̀ nílé, ìtìjú ẹ̀ pàápàá lè máa di ẹnu wọn. Àmọ́ ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Má kọ̀wé sí wọn pé "nǹkan le", wọ́n á fi àdúrà dáhùn. Kọ iye sílẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá, iye báyìí lóṣù, oníṣẹ́ físíò tó ń na apá àti ẹsẹ̀ wọn, iye báyìí lọ́sẹ̀, dáípà, iye báyìí. O mọ bí owó oògùn ṣe fò láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, àwọn tó wà lókè òkun lè má mọ̀ ọ́n. Wá sọ pé "Ìwọ gba oògùn, ìwọ gba dáípà, ẹ máa san án tààrà fún kẹ́mísì." Èèyàn máa ń yára gbé ẹrù tó ní orúkọ.

Lọ sí ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kó o béèrè ohun tó lè kan bàbá àti ọmọ, òfin ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 ní àyè fún àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Ọmọ yẹn, kó máa mu omi dáadáa, kó máa lo fólíìkì ẹ̀ àti oògùn ibà bí dókítà bá ṣe ní kó lò ó, kó o bi wọ́n nípa hydroxyurea, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú SS, tí ara ẹ̀ bá sì gbóná kó o má dúró de ìṣọ́ òru kankan, ọsibítù ni. Oògùn bàbá náà, wọn ò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí ààwẹ̀.

Ohun tó o sọ pé ó máa ń ṣe ẹ́ bíi pé kó o sùn kó o má jí, mi ò fojú fò ó o. Bíbélì Yorùbá tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, Àjàyí Crowther ló ṣáájú nínú ìtumọ̀ ẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóòǹgùn, òun àti ìyá ẹ̀ àti àwọn àbúrò ẹ̀, wọ́n sì tú wọn ká. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé nígbà tí ẹ̀rù ń ba òun pé wọ́n máa ta òun fún àwọn Potogí, òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun. Ọmọdé ni nígbà yẹn. Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, 1846 ló tó tún fojú kan ìyá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó kọ bí ọjọ́ náà ṣe rí, pé ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, tí omijé ń dà lójú ìyá. Ẹni tó bá ẹ kọ Sáàmù 88 ní èdè ìyá ẹ mọ ibi tó o wà.

Torí náà sọ ọ́ fún ọkọ ẹ lónìí, ní ẹnu, kó o sì jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ, kò jìnnà sí ẹ, lílọ síbẹ̀ ò sì túmọ̀ sí pé o ya wèrè tàbí pé o ò nígbàgbọ́. Tó bá lé sí i lóru, má dá wà nínú yàrá, jí ẹnì kan. Nọ́ńbà fóònù mi náà wà nísàlẹ̀ lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ lọ́tọ̀, kò sí wákàtí tí mi ò ní gbé e.

Tó o bá tún máa kọ̀wé sí mi, mi ò béèrè bóyá o ti ń dúpẹ́. Sọ fún mi bí ọmọ ṣe sùn, àti bóyá bàbá ti lè di ṣíbí mú fúnra wọn.